Àdùkẹ́, Din Iná Kọ̀ǹpútà Yẹn Kù

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ Ìlọrin ló bá wa mú un wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn. Mo tún un kà, inú mi bàjẹ́, kò sì tíì dára títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ara wa le. Orúnkún ló ń dùn mí díẹ̀, ọjọ́ orí ló ń gba tirẹ̀. Màmá rẹ wà dáadáa, àmọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, ohun tó fà á sì wà nínú lẹ́tà yìí. Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i.

O mọ̀ mí, èmi kì í kọ lẹ́tà gígùn. Láti kékeré ni mo ti ń tún rédíò ṣe, wáyà ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n wá ibì kan jókòó sí, kí o ka èyí dé òpin kí o tó bínú. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé kó jẹ́ ní òpin.

O kọ ọ́ pé ọ̀gá rẹ ní ilé ìwòsàn sọ pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn àti oògùn wọn sí ti ń falẹ̀ jù, kí o wá ọgbọ́n dá sí i. O ní o tú u, o yí i kó máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sáré lọ. Nígbà tó wá ń dákú, o fi fóltéèjì díẹ̀ kún èyí tó ń wọ purosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀, ló bá dúró dáadáa. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan àtààbọ̀ láìdákú, ọ̀gá sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. O tún ní wọ́n fẹ́ kó àwọn fáìlì bébà àtijọ́ jáde kí wọ́n sun wọ́n, kí yàrá lè gbà wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni o wá kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀, bóyá o tiẹ̀ rò pé eré ni: "Bàámi, ẹ má fòyà, mi ò ní ba ti ibí jẹ́ bí mo ṣe ba ti Ìyá àgbà jẹ́."

Àdùkẹ́, ìwọ kọ́ lo ba ti Ìyá àgbà jẹ́. Èmi ni.

Ó ti di ohun tí mo kọ sílẹ̀ báyìí, mi ò lè pa á rẹ́ mọ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, kí n sì máa fa ìmọ̀ràn yọ níbi tí ìmọ̀ràn bá wà, nítorí ohun tí o ṣe ní Ìlọrin yẹn, èmi náà ṣe é rí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

O rántí pé Yèyé, ìyá mi tí ìwọ ń pè ní Ìyá àgbà, máa ń kọ alámọ̀, orin àwọn obìnrin Èkìtì wa. Nígbà tí ọjọ́ orí dé sí i, ó pè mí, ó ní kí n máa gba orin òun sílẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kọ alámọ̀ ti kú tán, òun nìkan ló kù. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án la gbà. Á jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ìwọ á jókòó tì í, á dá orin, ìwọ á gbè é. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́, kò sì sí èyí tó dá tí o kò mọ̀. Mo máa ń bá yín wí pé ẹ jẹ́ kí n gba ohùn Yèyé nìkan. Yèyé á ní, "Jọ̀ọ́ ọmọ mi jẹ́ẹ́, uṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe." Tí kásẹ́ẹ̀tì kan bá kún, màá ṣẹ́ eyín kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e mọ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Yèyé kú. Àwa ọmọ rẹ̀ fẹnu kò pé tí a bá ń ṣe àdúà ọdún kan, gbogbo wa á pé sílé, èmi á sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà. Mo ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù nígbà yẹn sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Kàdúná, pé màá ṣe tirẹ̀ fún un kó máa gbé e lọ, ohùn tí kò ní fà, tí kò ní gbó láéláé. Ìgbéraga ló ń bá mi jà, mo mọ̀ ọ́n báyìí.

Kọ̀ǹpútà yẹn lọ́ra. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, odindi ọjọ́ kan ló fi ń sọ ọ́ di fáìlì, iná a sì máa lọ láàárín méjì. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan pé èèyàn lè ṣí àwọn ìdè kékeré orí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń pinnu bó ṣe ń sáré tó, nípò kó lè sáré sí i. Mo ṣí wọn nípò. Ó sáré lóòótọ́, ó sì dákú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ni mo ṣe? Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ní Ìkọ̀lé yìí. Ìwọ náà mọ iná wa, tó bá di ìrọ̀lẹ́, gílóòbù á pọ́n bí ẹyìn, tẹlifísọ̀n ò ní tàn. Sitabiláísà la máa ń yí sókè. Kò tó? Tún un yí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ rédíò, oògùn tí mo mọ̀ nìyẹn, ohun tí kò bá ṣiṣẹ́, fi iná kún un. Mo fi fóltéèjì kún un níwọ̀nba, ó tún dákú. Mo tún fi kún un, ó dúró.

Yèyé ti bá mi rí nígbà tó wà láyé, níbi tí mo ti ń yí sitabiláísà lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Uná ńlá éè sun uṣu kó jinná. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni í jó." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Yèyé, eléyìí kì í ṣe iṣu." Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á ṣì bá mi nílé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú dání nìyẹn. Kí o tó fi kún nǹkan, béèrè ohun tó jẹ́ kó má tó. Kì í ṣe ebi ló ń pa purosẹ́sọ̀ yẹn, eré tí a ń lé e sá ló ju agbára rẹ̀ lọ. Fóltéèjì tí o fi kún un á jẹ́ kó fara dà á fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n fóltéèjì kan náà ló ń di ooru, ooru yẹn ló sì ń sọ ọ́ di aláìlera tó tún fi ń béèrè òmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra, kí àwọn aláìsàn dúró díẹ̀. Kò sí ẹni tí ìdúró ìṣẹ́jú márùn-ún pa rí.

Ọyẹ́ ni mo fi dán tèmi wò. Òwúrọ̀ tí epo pupa dì nínú ìgò ni mo tan kọ̀ǹpútà, afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán. Kò dákú. Mo pe màmá rẹ wá wò ó. Ó ní, "Ẹ kú ọgbọ́n." Ó tó, mo ti gbà pé ó dúró. Mi ò tún dán an wò mọ́. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì méjì péré ni mo ṣe nínú ọyẹ́. Nígbà tí mo máa fi ṣe méje tó kù, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń ta bí ìgbà tí ènìyàn ń din ẹ̀pà, èmi ọlọ́gbọ́n sì ti fèrèsé pa kí eruku má baà wọ inú kọ̀ǹpútà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò dákú rárá.

Ìgbà wo ni ìwọ dán tìrẹ wò? Ọyẹ́ ló wà níta báyìí, Àdùkẹ́. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ nínú ọyẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Dúró de oṣù tí ooru Ìlọrin bá mú, tí yàrá kún fún ènìyàn, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, kí o wá dán an wò fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà tí orúkọ aláìsàn wà nínú rẹ̀ ni kí o fi dán an wò. Èyí tó wà lórí tábìlì tìrẹ nílé ni kí o bá ṣeré.

Má sì sọ fún mi pé kò dákú. Èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí mo ń sọ. Kọ̀ǹpútà tó dákú ti sọ òtítọ́ fún ọ, ó ti ní apá òun kò ká a. Èyí tí kò dákú, tó ń ṣiṣẹ́ lọ, tó wá ń ṣi nǹkan kékeré kọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, òun ni kí a bẹ̀rù. Tèmi ń ba ohùn Yèyé jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń ba àwọn tó ti kọ tẹ́lẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn. Mi ò mọ̀, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan nìkan ni mo ń gbọ́. Yèyé á kí ilé, á kí ọ̀nà, màá ní ó ti wọlé, màá pa á. Bí tìrẹ bá ṣi ohùn kọ, ẹnikẹ́ni kò ní kú. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ààbọ̀ hóró oògùn di márùn-ún ńkọ́? Nọ́ọ̀sì á gbà á gbọ́, nítorí kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́.

Iléyá ń bọ̀ nígbà náà. Mo máa ń gba wáàsí àwọn àáfà wa sórí kásẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn a máa wá láti Ayédé àti Ìrèlè wá rà á. Lọ́dún yẹn, mi ò tètè rí kásẹ́ẹ̀tì tuntun rà. Mẹ́sàn-án Yèyé sì wà níbẹ̀ nínú agolo bisikíìtì. Mo ní ṣebí ohùn ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ni kásẹ́ẹ̀tì tún ń ṣe? Eyín ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́, mo ti sọ fún ọ. Mo ya bébà, mo ká a, mo fi dí ihò kọ̀ọ̀kan, kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, ihò méjìdínlógún, kí ẹ̀rọ lè gbà kí n gba nǹkan mìíràn lé wọn. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n sun àwọn fáìlì bébà yẹn. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, jẹ́ kó bínú. Kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ tó bá di dandan.

Ó wá di ọjọ́ àdúà. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ti ṣe àdúà tán, gbogbo ẹbí jókòó sí pálọ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà ka orí tábìlì, mo so ó mọ́ láúsípíkà. Ohùn Yèyé jáde, ó kí ilé. Ìyá Kàdúná bú sẹ́kún, ó ní, "Yèyé mi o!" Kò pé ni ohùn bá yí padà, ó ń han bí irin tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́, ó dákẹ́, ó tún han. Mo ṣí èkejì, bákan náà. Mo ṣí gbogbo wọn. Níkẹyìn kọ̀ǹpútà dákú, ojú rẹ̀ dúdú. Gbogbo ojú pálọ̀ sì wà lára mi.

Ìyá Kàdúná bi mí pé, "Kí ló ṣe é?" Mo mọ̀ ọ́n. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, ooru kọ̀ǹpútà yẹn ṣì ń jó ọwọ́ tí mo gbé lé e. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo sì rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Mo ní, "Àdùkẹ́ ló ń fi ṣeré lánàá."

O ní, "Bàámi, mi ò fọwọ́ kan fáìlì Ìyá àgbà." Òtítọ́ lo sọ. Mo pariwo mọ́ ọ pé kí o panu mọ́. Ìyá Kàdúná sì sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìdílé wa ò gbàgbé: "Ukú pa yèyé mi lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yìí tún un pa." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ni mo sì fi wọ́ orí ọmọ mi.

Mo rò pé màá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, o wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, o kúnlẹ̀. O ní ó lè jẹ́ pé o ti fọwọ́ kàn án, o kàn ti gbàgbé ni. O ní kí n dárí jì ọ́. Àdùkẹ́, mo gbé ọ dìde, mo sì ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Mo ti gbàdúrà lórí gbólóhùn kan yẹn títí, kò tíì fúyẹ́. Bí o bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kódà bó jẹ́ pé wọ́n á lé ọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àmọ́ irọ́ tí kò tíì fọ́ náà ń rà nínú ilé, gbogbo wa la sì jọ ń mí òórùn rẹ̀ sínú.

Nǹkan kan tún wà tí kò yé mi àfi lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì lọ, tí fáìlì náà bàjẹ́, ohùn Yèyé kò tíì parẹ́. Ó ṣì wà lẹ́nu rẹ. Gbogbo orin wọ̀nyẹn pátá lo mọ̀. Tí mo bá ti sọ òtítọ́, tí mo mú ọ lọ́wọ́ lọ sáàárín pálọ̀, tí mo ní, "Àdùkẹ́, gbé e fún wa," à bá ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, o kò kọ alámọ̀ mọ́. Màmá rẹ bẹ̀ ọ́ níjọ́ kan tí ẹ ń ṣa ewé, o ní o ti gbàgbé. Èyí tó kù gan-an ni mo fi irọ́ pa.

Ìyá Kàdúná kú ní ọdún méjì sẹ́yìn láìmọ òtítọ́. Mo rí ọ níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá lo dúró sí. Mi ò lè tún ìyẹn ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, àmọ́ ẹni tó yẹ kó gbọ́ òtítọ́ lè má sí níbẹ̀ mọ́. Àná ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá rẹ. Ó gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá? Ẹ ń rí ọmọ yẹn lójoojúmọ́, ẹ sì ń jẹun?" Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Màá kọ̀wé sí àwọn ẹbí tó kù kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Màá kọ orúkọ rẹ sí i, màá sì kọ tèmi.

Lọ́jọ́ kejì tí o bá ka èyí, kí o tó jẹun àárọ̀, lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé o ṣì í ṣe. Dá ìdè kọ̀ǹpútà yẹn padà síbi tí wọ́n wà, dá fóltéèjì rẹ̀ padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, kí o sì fi bébà ṣàyẹ̀wò gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti yí i, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àpòòwé yìí. Wáàsí ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn ni. Mi ò tà á, nítorí wáàsí náà kò gùn tó kásẹ́ẹ̀tì. Tó bá parí, jẹ́ kó máa yí lọ, má pa á. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin Yèyé ló ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń dá nìkan gbọ́ ọ, mi ò lè mú un jáde, nítorí ẹni tó bá gbọ́ wáàsí níwájú ohùn Yèyé á mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti yọ bébà kúrò nínú ihò rẹ̀. Má dí i mọ́.

Yèyé nìkan kọ́ ni wàá gbọ́. Ó ń pe orúkọ rẹ, ó ní, "Àdùkẹ́, bí mo bá lọ, ẹnu rẹ ni ulé mi." Ohùn ọmọdé kan sì ń gbè é, kò ṣì í rárá. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o tún kọ ọ́, mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọmọ yẹn, kí o sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó purọ́ mọ́ ọ.